Àrólé Tí Mo Yàn ní Kúmásì

Láti ìgbà tí mo ti Gáná dé, ohun kan náà ni àwọn èèyàn Ògbómọ̀ṣọ́ ń bi mí. Ṣé oúnjẹ wọn dùn? Ṣé iná kì í lọ lọ́hùn-ún? Mo máa ń dáhùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, a ó sì tú ká. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn náà tí mo máa ń fò. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ọ́ fún ìwé ìròyìn ìjọ wa, mo bi ara mi pé bí mo bá tún fò ó níbí, kí ni mo wá ń kọ? Nítorí náà, òun ni màá kọ́kọ́ sọ. Wọ́n gbà mí sílé bí ọmọ ní Kúmásì. Mo dìde láàárín ẹbí tó gbà mí, mo súre, ìre yẹn ló sì gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mo fà á. Ẹnikẹ́ni ò bá mi dá sí i.

Káfíńtà ni mí. Mi ò parí ìwé girama, ẹ má wo àṣìkọ.

Dídé

Ìjọ wa àti ìjọ àwọn Yorùbá tó wà ní Kúmásì ló jọ ṣètò pé kí àwọn máa ṣe pàṣípààrọ̀ ọ̀dọ́. Ẹnì kan á ti ibí lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ẹnì kan á ti ọ̀hún wá sọ́dọ̀ wa. Pásítọ̀ ní bí a bá ti ń jẹun nílé ara wa, a ó máa yé ara wa. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abénà wá sílé ìyá mi, wọ́n rán èmi lọ.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà dá yín dúró. Ohun tí mo rántí jù níbẹ̀ ni bí ohùn mi ṣe ń kéré sí i. Títí tá a fi dé Kútọnu, èmi ni mò ń pa gbogbo ọkọ̀ lẹ́rìn-ín. Nígbà tá a kúrò ní Lomé, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí mò ń sọ mọ́. Nígbà tá a fi wọ Kúmásì, mo ti di ẹni tó ń fi orí dáhùn.

Màmá Rúùtù ló wá pàdé mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Kúmásì ni wọ́n bí òun sí, kò sì tíì fojú kan ilé rí. Bí mo ṣe rí i, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọ ọkọ̀ kan fò sílẹ̀ látinú bọ́ọ̀sì, ó gbá apá mi mú. Ó rò pé mo dákú.

"Fi í sílẹ̀ jàre!" Màmá Rúùtù ń rẹ́rìn-ín. "Bí àwọn èèyàn mi ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti dọ̀bálẹ̀ fún mi. Dìde, ọmọ mi, ibí yìí dọ̀tí. Akwaaba, káàbọ̀."

Ilé rẹ̀ wà ní Alabar, àdúgbò àwọn àlejò àtijọ́, tí Hausa, Yorùbá àti Twi ń gba inú ara wọn kọjá lójúde kan ṣoṣo. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi. Ó wá jókòó kọjú sí mi, ojú rẹ̀ yí padà bí ojú adájọ́, ó ní, "Àlàáfíà la wà níbí. Kí lo bá wá?"

Mo gbé ife sílẹ̀. "Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wá."

Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi fẹ́ bọ́. "Mo mọ̀! Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú yìí nìyẹn. Wọ́n á fún ẹ lómi, wọ́n á bi ẹ́ pé kí lo bá wá, bí wọ́n tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó yá, sọ ọ́."

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí mo ṣe fi ilé sílẹ̀, fún obìnrin tó ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni mo ti ṣàkíyèsí pé mo ti jìnnà sí ìyá mi gan-an. Màmá Rúùtù tún bu omi sí ife mi.

Anloga

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀ wà ní Anloga, níbi tí àwọn oníṣẹ́ igi pọ̀ sí. Agya ni gbogbo èèyàn ń pè é, ìyẹn bàbá ní èdè Twi. Ìrókò tiwa, ọ̀dúm ni wọ́n ń pè é. Arère wa, wáwà ni tiwọn. Bí mo ṣe gbóòórùn ìrókò tí wọ́n ń là láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó dà bíi pé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi nílé ni mo wà. Ọkàn mi balẹ̀ jù. Ká ní Ṣáínà ni wọ́n rán mi lọ ni, gbogbo nǹkan ni ǹ bá máa béèrè. Ṣùgbọ́n igi kan náà ni, àwọ̀ kan náà, àgbà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún bíi tiwa. Mo rò pé mo ti mọ ilé.

Agya wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọjọ́ wo ni wọ́n bí ẹ?"

Mo sọ ọdún, mo sọ oṣù. Ó mi orí. "Ìyẹn kọ́. Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu bí ìgbà tí mo sọ pé mi ò mọ orúkọ ara mi, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bí èèyàn lọ́hùn-ún, orúkọ rẹ̀ ni. Mo bá pe ìyá mi lórí fóònù, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń gbọ́.

"Màmi, ọjọ́ wo lẹ bí mi?"

"Ọjọ́ ọjà ni. Òjò ń rọ̀. Kí ló dé? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ́ ṣe?"

"Wọn ò fẹ́ fi mí ṣe nǹkan kan. Ṣé ọjọ́ Ajé ni àbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ta ló ń ro ọjọ́ Ajé nígbà tí ọmọ ń jáde? Ọjọ́ ọjà ni mo sọ fún ẹ yẹn!"

Ọmọ Agya, Kòfí, ló fi fóònù rẹ̀ ṣírò ọjọ́ náà. Ọjọ́rú ni. Láti ìgbà yẹn ni mo ti di Kwàkú.

Ọjọ́ orí kan náà ni èmi àti Kòfí. "Ṣálè" ló máa ń pe gbogbo èèyàn, bí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ṣe ń pe ọ̀rẹ́ nìyẹn. Pijin la fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, Twi mi dára débi tí mo lè fi nájà, tí mo lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so ẹsẹ̀ àga mọ́ra láìsí ìṣó kankan. Èmi a máa fipá gbá a wọlé, òun a gba òòlù lọ́wọ́ mi.

"Ṣálè, rọra. Tó bá yẹ kó wọlé, á wọlé."

Ọwọ́ ló fi máa ń tì í. Á sì wọlé, pẹ̀lú ohùn kékeré kan báyìí, bí ẹni pa ẹnu dé. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn.

Fùfú tí kì í ṣe fùfú

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilé Agya ní Bantama la máa ń lọ. Fùfú tiwọn kì í ṣe tiwa tó ń rùn. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sè tí wọ́n ń gún. Kòfí á máa gún un, ìyá rẹ̀ á máa fi ọwọ́ yí i nínú odó láàárín ìró ọmọrí odó méjì, èmi á di ojú.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé abọ́ kan wá, ọbẹ̀ yí fùfú ká bí omi ṣe ń yí erékùṣù ká. Mo ń wá abọ́ kejì.

"Ọbẹ̀ dà?" ni mo bi wọ́n.

"O ti rì sínú ẹ̀ tán, o tún ń béèrè!" ni Kòfí wí.

Mo bá bù ú, mo ń rún un. Ìyá Kòfí pariwo pé kí gbogbo ilé wá wo Kwàkú tó ń fi eyín jẹ fùfú. Gbígbé ni wọ́n ń gbé e mì. Iyán ìyá mi dùn jù ú lọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ olómi yẹn, tí ata rẹ̀ ń ta nímú, tá a jọ ń mu ún tí òógùn ń bọ́ lójú gbogbo wa, ó ń wù mí títí di òní.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Nana, ẹ̀gbọ́n Agya obìnrin, àti Kwámè, ọmọ rẹ̀. Tíṣà ni Kwámè, kò mọ ayùn mú. Síbẹ̀, bí Agya bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, Kwámè ló máa ń pè kí wọ́n jọ sọ ọ́.

"Kí ló dé tó jẹ́ òun ni bàbá ẹ ń bi?" ni mo bi Kòfí. "Ṣé òun ló ń fági ni?"

"Ọmọ Nana ni."

Ó sọ ọ́ bíi pé ó ti dá mi lóhùn. Lọ́dọ̀ mi, kò tíì sọ nǹkan kan. Mi ò sì tún béèrè. Mo kàn fi í sọ́kàn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n kan wà tó ń rìn yí ogún ká.

Ẹsẹ̀ ti ń dun Agya lákòókò yẹn, ìjókòó ló ń pọ̀ jù. Kòfí sọ fún mi pé bàbá òun ń bẹ Nana àti ẹbí kí wọ́n jẹ́ kí ó fún òun ní ẹ̀rọ àti ṣọ́ọ̀bù nígbà tó ṣì wà láàyè, níwájú ẹlẹ́rìí. "Nana ti fẹ́ gbà," ló wí. Ó ti ń wọn ibi tí yóò gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ sí, létí ọ̀nà, kí àwọn oníbàárà lè máa rí i. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́kàn mi, mo ní: ohun ìní bàbá ẹ, ọmọ rẹ̀ ni ẹ́, kí ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ sí?

Ìre

Àgbàlagbà kan kú nínú ẹbí Agya. Aṣọ dúdú àti pupa ló kún gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé. Bí o bá dé, ọwọ́ ọ̀tún ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, wàá bọ gbogbo àwọn tó jókòó lọ́wọ́ títí dé òpin ìlà, o ò ní fo ọmọdé. Ìyẹn wù mí. Màmá Rúùtù yá mi ní aṣọ dúdú kan láti fi kọ́ èjìká, ó ń yọ̀ bọ́ lára mi, àwọn obìnrin kan sì ń bá mi tún un ṣe bí ìgbà tí mo jẹ́ ọmọ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹbí péjọ sílé Agya láti dúpẹ́, èmi àti Màmá Rúùtù náà sì lọ. Agya ní, "Ẹ jẹ́ kí àlejò wa kí wa bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nílùú rẹ̀."

Mo dìde. Mo ti ń kọ́ Twi tí màá sọ sílẹ̀. Mo kí wọn kú ará fẹ́ra kù, mo dúpẹ́ oúnjẹ, mo dúpẹ́ iṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jókòó. Ṣùgbọ́n nílé wa, ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà tí kò ní súre fún un, nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀? Mo kọjú sí Agya.

"Agya, Kòfí ni yóò gbẹ̀yìn yín. Ọwọ́ Kòfí ni yóò sin yín. Kòfí ni yóò jókòó sípò yín, ẹlòmíràn ò ní gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á yìí, ẹ ti ń ṣe àmín lọ́kàn.

Ẹnikẹ́ni ò ṣe àmín. Mo rò pé Twi mi ló kù díẹ̀ káàtó, mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè. Wọ́n ti gbọ́ ọ dáadáa lẹ́ẹ̀kíní.

Nana ò wo èmi rárá. "Kòfí, ìwọ lo rán an?"

"Rárá, Nana."

Ó yíjú sí Agya. "Àbí ìwọ ni?"

"Àlejò ni, Nana," ni Agya wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ló ń wò.

"Ta ló wá sọ fún àlejò pé ọ̀rọ̀ ipò wà nílẹ̀?"

Kwámè dìde jẹ́jẹ́, ó ká àga rẹ̀, ó gbé e ti ògiri, ó sì jáde. Kò bínú. Ojú ẹni tí wọ́n dójú tì lójú agbo ló wà lójú rẹ̀. Kòfí ò wò mí.

Ti Alabar ni wọ́n

Màmá Rúùtù ò bá mi wí lójú ọ̀nà. Ìgbà tá a délé ló tó là á yé mi. Lọ́dọ̀ àwọn Àṣáńtì, ẹbí ìyá ló ni ọmọ. Ọmọ tí Agya bí, ti ẹbí ìyá rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n Agya obìnrin bí ni tirẹ̀, Kwámè ni ipò rẹ̀ sì kàn. Ohun tí bàbá bá fẹ́ fún ọmọ tó bí, ojú ayé ló ti ń fún un, ẹbí á sì mọ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé ọmọ náà jí i.

"Ó ti pẹ́ tí Agya ti ń rọra ṣílẹ̀kùn yẹn," ló wí. "Ìwọ fẹsẹ̀ tì í. O tún dárúkọ ìsìnkú fún ẹni tó wà láàyè, nígbà tí ẹkún òkú kan ò tíì gbẹ."

"Màmá, ìre ni mo sú."

"Mo mọ̀. Bàbá mi sú u níbi ìgbéyàwó mi. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n dá ẹrù ìyàwó padà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àṣáńtì ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú. "Ìwọ tiẹ̀ wo àwọn ọmọ mi. Àwọn èèyàn bàbá wọn ní ti èmi ìyá wọn ni wọ́n. Mo ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn èèyàn mi ní ti bàbá wọn ni wọ́n. Wọ́n ń fi ọmọ mi ta ara wọn lọ́rẹ!"

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ní ti Alabar ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ wọn kó wá kí wọn níbí." Ó ká gèlè rẹ̀ sórí itan. "Kò sẹ́ni tó tíì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ dé."

Mo rántí ìyá mi tó ń ṣàròyé lórí fóònù pé Abénà ń béèrè ọ̀rọ̀ jù. "Ó tún bi mí pé ṣé àwọn èèyàn ìyá bàbá ẹ ló ni ilé tí à ń gbé! Irú ìbéèrè wo nìyẹn?" Èmi àti ìyá mi ti fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀bẹ̀

Màmá Rúùtù àti alàgbà kan mú mi lọ bẹ Nana. Ó fún wa lómi, ó bi wá pé kí la bá wá. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, Kwàkú. Ìwọ kọ́ la ń bá wí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ó túmọ̀ sí pé Kòfí ni wọ́n ń bá wí.

"Nana, kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n àwa mélòó ló gbọ́ èyí? Gbangba lo ti sọ tọjọ́sí. Tá a bá parí ọ̀fọ̀, gbogbo ẹbí á tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ Kòfí. Wá sọ ọ́ níbẹ̀."

"Nana, ó ṣeé ṣe kí n ti padà sílé nígbà yẹn. Ṣé mo lè sọ ọ́ lórí fóònù?"

"Ṣé fóònù ló dìde láàárín wa lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ṣèlérí pé màá wá. Àkókò tí ìjọ fún mi pé kí ọ̀fọ̀ tó parí. Kòfí ló gbé ẹrù mi dé ibùdókọ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ náà bá mi wí rí. Ó kàn ní, "Ṣálè, o máa wá, àbí?" Mo ní màá wá.

Nílé

Wọ́n ń pè mí ní ará Gáná nísinsìnyí. Mo da ọbẹ̀ lé iyán lórí lọ́jọ́ kan, ìyá mi ní ṣé wọ́n ti bà mí jẹ́ ni. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù, á ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Kwàkú níbí. Bí ìrókò bá ti ń rùn lábẹ́ ayùn, mi ò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́.

Pásítọ̀ bi mí ṣé kí wọ́n máa bá ètò náà lọ. Mo ní kí wọ́n máa bá a lọ. Mo ní kí ẹni tó bá ń lọ máa béèrè bíi ti Abénà, pàápàá jù lọ ohun tó bá jọ tilé.

Ẹbí Agya ti jókòó lẹ́ẹ̀kan. Kòfí sọ fún mi ṣáájú. Ìjọ ṣe tán láti gbé mi lọ, kí n kàn mú àpò mi ló kù. Nígbà tó kù díẹ̀, mo ránṣẹ́ sí i pé ara mi ò yá. Ara mi yá. Àwọn ojú tó ń wò mí lọ́jọ́ yẹn ni mi ò lè tún dìde níwájú wọn, àti àga tí Kwámè ká. Wọ́n jókòó, Nana ní ẹni tó sọ̀rọ̀ ò wá, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà tì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mìíràn ni Kòfí ti ń kan ilẹ̀kùn báyìí, lẹ́yìn ìlú. Agya ń kí mi nígbà gbogbo láti ẹnu Màmá Rúùtù. Kì í fi nǹkan kan kún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kòfí fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó ní wọ́n tún máa jókòó tí òjò bá dá. Kò bi mí bóyá màá wá. Ó bi mí léèrè àlàáfíà ìyá mi, ó sì ní ó dàbọ̀.

*Obiara ansoma me.* Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọ̀rọ̀ Twi mẹ́ta péré ni. Mo máa ń sọ ọ́ láràárọ̀ tí mo bá ń fági, kò sì lọ́ mọ́ mi lẹ́nu rárá. Pákó ni mò ń sọ ọ́ fún. Kòfí ni mo jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn, níwájú Nana, níwájú Kwámè, mi ò sì tíì san án.